Ọmọ Odídẹrẹ́ àti Ọwọ́ Tí Ń Bọ́ Ọ

Odídẹrẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní odídẹ tàbí ayékòótọ́, jẹ́ ẹyẹ aláwọ̀ eérú tí ẹnu rẹ̀ dúdú tí ó sì tẹ̀ kọdọrọ, tí ìrù rẹ̀ pọ́n fòò, tí gbogbo ara rẹ̀ kò sì wúwo ju nǹkan bí ìdajì kílò lọ. Igbó kìjikìji ni ilé rẹ̀, láti ìlà-oòrùn Ivory Coast títí dé Kẹ́ńyà, ọdún 1758 sì ni Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tí ó to àwọn ohun alààyè ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Látìnì pé Psittacus erithacus. Ẹyẹ yìí kò di ẹran ọ̀sìn rí bí adìyẹ àti ẹyẹlé ti dì í, síbẹ̀ ó ti pẹ́ tí ó ti ń bá ènìyàn gbé, kì í sì í ṣe nítorí ẹran ara rẹ̀ bí kò ṣe nítorí ohun méjì, èyíinì ni ìyẹ́ pupa tí ó wà ní ìrù rẹ̀, tí Yorùbá ń pè ní ìkóódẹ, àti ohùn rẹ̀ tí ó fi ń sín ènìyàn jẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn ẹyẹ yìí dáadáa gbọ́dọ̀ ya àwọn tí ń wá ìyẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ń wá ohùn, nítorí pé ìyẹ́ a máa já bọ́ fúnra rẹ̀, òmíràn a sì hù dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ẹyẹ tí yóò sọ̀rọ̀ bí ènìyàn a máa fẹ́ ẹ ní kékeré, nígbà tí kò tíì mọ ohùn ẹyẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àmọ̀dájú. Ọmọ ẹyẹ kì í já bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ní láti gun igi lọ mú un, ẹnì kan sì ní láti rọ́pò ìyá rẹ̀.

Iṣẹ́ ìyá náà kò kéré. Ọmọ adìyẹ a máa la ojú wá sáyé pẹ̀lú irun lára, kí ọjọ́ kejì tó ṣú ó ti ń ṣa oúnjẹ nílẹ̀. Ìhòòhò ni ọmọ odídẹrẹ́ máa ń jáde nínú ẹyin, ojú rẹ̀ a wà ní dídì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kò lè mú ara rẹ̀ gbóná, agbára káká ni ó sì fi ń gbé orí sókè nígbà tí ebi bá ń pa á. Inú ihò igi ńlá, tí ó jìnnà sókè sí ilẹ̀, ni abo ti ń yé ẹyin tí kì í sábà ju mẹ́ta sí márùn-ún lọ, tí ó sì ń sàba lé wọn fún nǹkan bí ọjọ́ 28, tí akọ sì ń gbé oúnjẹ wá fún un. Nígbà tí ẹyin bá pa, òbí méjèèjì a máa jẹ ẹyìn ọ̀pẹ, èso àti kóró igi, wọn a kó o sínú àpò kan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọrùn wọn, níbi tí oúnjẹ ti máa ń kọ́kọ́ dúró kí ó tó wọnú, wọn a sì pọ̀ ọ́ padà sí ọmọ lẹ́nu nígbà tí ó bá ti rọ̀ tí ó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọ náà ní irú àpò bẹ́ẹ̀ ní ọrùn tirẹ̀, bí ó bá sì ti yó, àpò náà a yọ síta gbangba lábẹ́ awọ ara rẹ̀ tí kò ní ìyẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá ni yóò lò nínú ihò kí ó tó fò jáde, àwọn òbí rẹ̀ a sì tún máa fún un lóúnjẹ fún ìgbà díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ó ti ń fò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mú ọmọ odídẹrẹ́ nínú ihò ti gba iṣẹ́ tí ẹyẹ méjì ń pín ṣe fún oṣù mẹ́ta, bóyá ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyẹ́ ni ó kọ́kọ́ sọ ẹyẹ náà di ẹni ńlá. Ìkóódẹ ni wọ́n ń fi sí iwájú orí ìyàwó òrìṣà, ìyẹn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọnú awo òrìṣà kan, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, wọ́n sì ń lò ó bákan náà fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ nífá, gẹ́gẹ́ bí àmì pé àṣẹ ti bà lé orí onítọ̀hún. Ìlú Ìwó, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, mú odídẹrẹ́ gẹ́gẹ́ bí àmì ara rẹ̀, ìtàn ẹnu sì so ìtẹ̀dó ìlú náà mọ́ ẹyẹ yìí. Ibẹ̀ ni àdúrà tí gbogbo Yorùbá mọ̀ ti wá, pé odídẹrẹ́ Ìwó kì í kú sí oko ìwájẹ, tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tí ó jáde nílé lọ wá oúnjẹ òòjọ́ kí ó lè padà wálé láàyè.

Ẹyin rẹ̀ pàápàá ní ìtàn, ó sì jọ pé ìtàn ẹyin yìí ni ó sọ fún wa jù lọ nípa bí àwọn ará àtijọ́ ṣe mọ ọ̀nà ihò odídẹrẹ́ tó. Archibald Dalzel, òyìnbó tí ó ti ṣe olórí odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Ouidah, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1793 lórí ìtàn Dàhómì, inú rẹ̀ ni ó sì ti kọ nípa Ọ̀yọ́ pé bí ìjọba ọba kan bá ti sú àwọn ìjòyè àti ará ìlú, ẹyin odídẹ ni wọ́n máa ń gbé lọ bá a, tí wọn yóò sì sọ fún un pé iṣẹ́ ìjọba ti rẹ̀ ẹ́, àkókò tó kí ó lọ sùn, ọba náà yóò sì wọlé lọ, yóò ní kí àwọn ìyàwó rẹ̀ pa òun. Ó kọ ọ́ pé ní oṣù kẹwàá ọdún 1774 wọ́n gbé ẹyin náà lọ bá ọba kan tí ó kọ̀ ọ́ jálẹ̀, tí ó ní oorun kò kùn òun, èyí tí ó bá àkókò tí Aláàfin Abíọ́dún gba agbára padà lọ́wọ́ Baṣọ̀run Gáà mu. Àwọn ìtàn mìíràn sọ pé igbá ni wọ́n ń gbé lọ. Kò pọn dandan kí ìkan pa ìkejì rẹ́. Ohun tí ó yẹ kí á kíyè sí ni pé inú ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, odídẹrẹ́ kì í sì í gbé inú ọ̀dàn. Bí ìjòyè Ọ̀yọ́ bá nílò ẹyin rẹ̀, ẹnì kan ní láti gbà á láti inú igbó gúúsù, láti inú ihò tí ó ga tí ènìyàn kò lè dé láìgun igi, kí ó sì gbé e rìn jìnnà láìjẹ́ kí ó fọ́. Ẹni tí ó bá lè rí ẹyin mú bẹ́ẹ̀ lè rí ọmọ mú pẹ̀lú, ọ̀nà kan náà ni.

Síbẹ̀, ẹni tí ó ń wá ìkóódẹ kò ní ìdí tí yóò fi máa mú ọmọ lọ́dọọdún. Ìyẹ́ méjìlá ni ó wà ní ìrù odídẹrẹ́, ẹyẹ náà a sì máa pààrọ̀ wọn díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè lò tó ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé, débi pé ẹyẹ kan ṣoṣo tó láti pèsè ìkóódẹ fún agbo ilé kan ní ìran méjì. Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ọdẹ ni ó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Orí odídẹrẹ́ àti ìrù rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn tí ń ta nǹkan ìṣègùn ń tà lọ́jà ní Nàìjíríà àti ní orílẹ̀-èdè Benin, orí kò sì ṣeé yọ lára ẹyẹ tí ó ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òwò ìyẹ́ wé òwò ọmọ, ohun tí ìyẹ́ gbà lọ́wọ́ igbó kò tó nǹkan.

Ìyẹ́ yìí kan náà ni ó bá àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú rékọjá òkun. Ní Bahia, ní Bùràsíìlì, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ṣì ń fi í sí iwájú orí ìyàwó, wọ́n sì ń pe ìyẹ́ náà ní ekodidé títí di òní. Mestre Didi, àgbà awo àti oníṣẹ́ ọnà ará Salvador, tẹ ìwé kékeré kan jáde ní ọdún 1966 lórí ìdí tí Òrìṣàálá, tí kì í wọ ohunkóhun àfi funfun, fi gbà láti lo ìyẹ́ pupa kan ṣoṣo yìí. Ní Kúbà náà, ìyẹ́ odídẹrẹ́ wà lára adé ìyàwó. Ẹyẹ náà kò sí ní igbó ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ayékòótọ́ ibẹ̀ tí wọ́n ní àwọ̀ oríṣiríṣi kò rọ́pò rẹ̀ lójú àwọn àgbà.

Òwò ọmọ ẹyẹ ní orírun tirẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Alvise Cadamosto, oníṣòwò ará Venice tí ó ń bá Ọmọ-ọba Henry ti Pọ́túgà ṣiṣẹ́, gúnlẹ̀ sí etíkun Sẹ̀nẹ̀gà ní ọdún 1455. Nínú ìròyìn tí ó kọ nípa ìrìn àjò náà, ó sọ pé òun kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ayékòótọ́, pàápàá ọmọ kéékèèké tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nínú ìtẹ́, pé púpọ̀ nínú wọn kú, pé òun gbé ìyókù dé ilẹ̀ Sípéènì, àti pé ọkọ̀ kejì tí ó bá tòun rìn kó ju 150 lọ, tí wọ́n sì ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdajì dúkátì, ìyẹn owó wúrà tí wọ́n ń ná nígbà náà. Irú ayékòótọ́ mìíràn, kékeré, ni ti etíkun Sẹ̀nẹ̀gà, kì í ṣe odídẹrẹ́ onírù pupa. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí òwò náà yóò jẹ́ fún 500 ọdún tí ó tẹ̀ lé e ti wà nínú àkọsílẹ̀ kúkúrú yìí: wọ́n mú ọmọ nínú ìtẹ́, púpọ̀ kú lójú ọ̀nà, èyí tí ó kù sì mú owó wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí ikú àwọn yòókù kò fi dun oníṣòwò. Ohun tí wọ́n ń fún wọn jẹ nínú ọkọ̀ kò sí nínú ìwé rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ oúnjẹ àwọn atukọ̀ fúnra wọn tí wọ́n rẹ sómi, kò sì yani lẹ́nu pé ọmọ tí kò tíì hu ìyẹ́ kò lè fi irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wà láàyè nínú otútù orí omi.

Nígbà tí àwọn Pọtogí, àwọn ará Holland àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá gbogbo etíkun Guinea ṣòwò, odídẹrẹ́ onírù pupa di ohun ọ̀ṣọ́ ilé ọlọ́rọ̀ ní Yúróòpù. Caspar Netscher, ayàwòrán ará Holland, ya obìnrin kan ní ọdún 1666 tí ó ń fi oúnjẹ fún odídẹrẹ́ lójú fèrèsé, tí ọmọ ọ̀dọ̀ kan dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìtọ́jú tí àwòrán náà ń fi hàn kì í ṣe ti ọmọ ẹyẹ mọ́, eré ọlọ́lá ni, nítorí pé ẹyẹ tí ó bá dé irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ ti la gbogbo ewu kọjá. Ní ilé ìjọsìn Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù, òkú odídẹrẹ́ kan tí wọ́n kì ní nǹkan sínú wà níbẹ̀ títí di òní, èyí tí í ṣe ti Frances Stuart, ìyàwó Duke ti Richmond. Wọ́n ní ó bá a gbé tó ogójì ọdún, àti pé ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí obìnrin náà kú ní ọdún 1702 ni ẹyẹ náà kú pẹ̀lú; ó wà lára òkú ẹyẹ tí ó pẹ́ jù lọ tí wọ́n tọ́jú bẹ́ẹ̀ ní àgbáyé.

Fún ìgbà pípẹ́, inú igbó ni ọ̀pọ̀ jù lọ odídẹrẹ́ tí wọ́n ń tà lókè òkun ti ń wá, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà mú wọn. Ọ̀kan ni gígun igi lọ sínú ihò, tí ó jẹ́ àṣà erékùṣù Príncipe fún ìgbà pípẹ́, níbi tí àwọn agungi ti mọ igi tí ẹyẹ ń pa sí, tí wọ́n sì ń padà síbẹ̀ lọ́dọọdún. Èkejì ni àtè, ìyẹn oje igi tí ó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àti ìyẹ́: ní Kamẹrúùnù àti Kóńgò, àwọn apẹyẹ a so odídẹrẹ́ kan mọ́ orí igi láti tan àwọn yòókù, wọn a fi àtè pa ẹ̀ka, agbo tí ó bá sì bà sórí rẹ̀ a lẹ̀ pọ̀. Èyí tí wọ́n fi àtè mú sábà máa ń jẹ́ àgbà, àgbà odídẹrẹ́ kì í sì í gba ènìyàn bọ̀rọ̀: yóò máa kùn, yóò máa ge ènìyàn jẹ, yóò sì máa tu ìyẹ́ ara rẹ̀ nínú àgò. Láàárín ọdún 1975 tí àdéhùn CITES bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tí ó wà nínú ewu, àti nǹkan bí ọdún 2013, àwọn orílẹ̀-èdè kọ ọ́ sínú ìwé pé ó lé ní mílíọ̀nù kan odídẹrẹ́ inú igbó tí ó rékọjá ààlà. Àwọn olùwádìí fojú bù ú pé láàárín 30 sí 66 nínú ọgọ́rùn-ún ń kú kí wọ́n tó kó wọn jáde, àwọn tí ó kú bẹ́ẹ̀ kò sì sí nínú ìṣirò ìwé. Ní Gánà, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé láti ọdún 1992, 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún odídẹrẹ́ orílẹ̀-èdè náà ni kò sí mọ́.

Òfin ni ó yí òwò náà padà, ọwọ́ tí ń bọ́ ọmọ sì ni ó jèrè ìyípadà náà. Amẹ́ríkà ṣe òfin ní ọdún 1992 tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn pátápátá mọ́ ẹyẹ inú igbó, Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà dá gbígbé wọn wọlé dúró ní ọdún 2005 nítorí àrùn ẹyẹ, ó sì sọ ọ́ di òfin pípẹ́ ní ọdún 2007. Ọmọ tí wọ́n pa nínú àgò ni ó wá kù fún títà, àwọn olùsìn ẹyẹ sì rí i pé bí wọ́n bá gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní kékeré kí wọ́n sì fi ọwọ́ tọ́ ọ, ọmọ náà kì í bẹ̀rù ènìyàn, owó rẹ̀ sì ń ga ju ti èyí tí òbí rẹ̀ tọ́ lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ìyá tí wọ́n bá gba ọmọ rẹ̀ lè tún yé òmíràn láìpẹ́. Òkìkí odídẹrẹ́ kan tí ń jẹ́ Alex tún dá kún un. Irene Pepperberg, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, rà á ní ilé ìtajà kan ní Chicago ní ọdún 1977, ó sì kọ́ ọ títí ó fi lè sọ ọ̀rọ̀ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, tí ó mọ àwọ̀ àti ìrísí, tí ó sì lè ka nǹkan dé mẹ́fà, kí ó tó kú ní ọdún 2007. Lẹ́yìn Alex, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé odídẹrẹ́ kàn ń tún ọ̀rọ̀ sọ ni, àwọn tí wọ́n fẹ́ irú rẹ̀ nílé sì pọ̀ sí i.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù ni ó ń po oúnjẹ tirẹ̀. Ọkà ọmọdé, ẹ̀pà lílọ̀, àti bisikíìtì tí wọ́n ń ṣe fún ọ̀bọ ní ọgbà ẹranko ni àwọn olùsìn ẹyẹ ní Amẹ́ríkà máa ń pò pọ̀ mọ́ omi gbígbóná, ọmọ tí ó bá bá a mu a yè, èyí tí kò bá bá a mu a kú, kò sì sẹ́ni tí ó lè sọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1986 ni Roudybush àti Grau, onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Davis, tẹ ìwádìí jáde lórí ọmọ cockatiel, ìbátan odídẹrẹ́ kan tí ó kéré, tí ó wá láti Australia, pé nǹkan bí 20 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ gbígbẹ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́ protein, ìyẹn èròjà tí ń mú ara dàgbà, àti pé oúnjẹ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gbọ́dọ̀ lómi púpọ̀ ju ti èyí tí ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan lọ. Irú ìmọ̀ yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ gbé oúnjẹ ìyẹ̀fun inú ike kà, tí olùtọ́jú kò fi ní ṣe ju kí ó po ó mọ́ omi lọ.

Pípò yìí gan-an ni ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kú. Oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, kí ìgbóná rẹ̀ wà láàárín 39 sí 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí olùtọ́jú sì fi tẹmómítà wò ó lẹ́yìn tí ó bá ti rò ó dáadáa, nítorí pé ìka ọwọ́ kò tó fún ẹ̀rí. Bí ó bá tutù, ọmọ lè kọ̀ ọ́, tàbí kí ó gbé e mì kí oúnjẹ náà sì dúró sínú àpò ọrùn rẹ̀ títí yóò fi kan. Bí ó bá gbóná jù, yóò jó àpò náà láti inú, olùtọ́jú kò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà nígbà tí awọ ọrùn bá lu, tí oúnjẹ sì ń jáde láti ibẹ̀. Ṣíbí tí wọ́n tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, tàbí sírínjì tí wọ́n ti yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Olùtọ́jú a gbé ọmọ sórí aṣọ tí kò yọ̀, a fi ìka méjì di orí rẹ̀ mú jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn, a sì fi ẹnu ṣíbí kan ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ọmọ tí ebi ń pa yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ju orí sókè-sódò lọ́nà tí ó máa ń gbà ti ẹnu ìyá rẹ̀, ìgbà yẹn nìkan sì ni ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún oúnjẹ. Láti apá òsì ẹnu ni wọ́n ti ń darí oúnjẹ sí apá ọ̀tún, nítorí pé apá ọ̀tún ni ọ̀nà oúnjẹ wà. Bí ó bá ṣèèṣì gba ọ̀nà èémí, ọmọ náà lè kú kí wọ́n tó nu ẹnu rẹ̀. Wọ́n ń dáwọ́ dúró nígbà tí àpò ọrùn bá ti kún ṣùgbọ́n tí kò tíì le, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó ṣófo tán ní ẹ̀ẹ̀kan ó kéré tán láàárín ọjọ́ kan sí ìkejì. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ń jẹun ní wákàtí méjì-méjì, inú àpótí tí ó gbóná tó 35 tàbí 36 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó sì gbọ́dọ̀ wà, wọn a sì máa dín ìgbóná náà kù bí ìyẹ́ bá ti ń bò ó. Èyí tí ó ti pé oṣù méjì lè jẹun ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ó di oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó lè jẹun fúnra rẹ̀ láìnílò ẹnikẹ́ni, oníṣòwò tí ó bá sì ta ọmọ fún aláìmọ̀kan kí ìgbà yẹn tó pé, lábẹ́ ẹ̀tàn pé ẹni tí ó bá fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ẹyẹ ni ẹyẹ yóò fẹ́ràn, ń ta ikú fún un ni.

Ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ pàápàá kò lè ṣe gbogbo ohun tí ìyá ń ṣe. Ní ọdún 2003, dókítà ẹran kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nigel Harcourt-Brown, ya àwòrán egungun odídẹrẹ́ 34 tí wọ́n fi ọwọ́ tọ́, ó sì rí i pé egungun 44 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti tẹ̀ nígbà èwe. Àìtó kálísíọ́ọ̀mù wà nínú ohun tí ó lè fa irú rẹ̀, ṣùgbọ́n Harcourt-Brown tọ́ka sí ohun mìíràn: nínú ihò igi, àwọn ọmọ a máa fún mọ́ ara wọn, wọn kì í rìn, ara wọn a sì máa gbé ara wọn ró títí egungun yóò fi le, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó dá wà nínú àpótí olùtọ́jú a máa dìde rìn kí àkókò tó tó. Ní Switzerland, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2006 lórí odídẹrẹ́ 105, wọ́n sì rí i pé àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òbí kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ó sábà máa ń ní ìwà àṣetúnṣe tí kò nídìí, irú bíi kí ẹyẹ máa lọ máa bọ̀ lójú kan láìdáwọ́ dúró. Ilẹ̀ Netherlands ka irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ó sì fi òfin dè é ní ọdún 2014 pé oníṣòwò kò gbọdọ̀ gba ọmọ irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òbí rẹ̀ kí ó tó lè jẹun fúnra rẹ̀. Òfin yẹn tọ̀nà. Ọmọ tí òbí kọ̀ sílẹ̀, èyí tí ó ṣàìsàn, tàbí èyí tí àwọn aṣọ́bodè gbà lọ́wọ́ ajíẹyẹkó ni ó nílò ọwọ́ ènìyàn. Ẹni tí ó ń gba èyí tí ìyá rẹ̀ wà lórí rẹ̀ nítorí kí ó lè tà á lówó gọbọi kò ṣe àánú kankan.

Ní Johannesburg, ní ọdún 2016, ọ̀rọ̀ náà dé iwájú gbogbo àgbáyé. Nàìjíríà, tí ó ti fọwọ́ sí àdéhùn CITES láti ọdún 1974, wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n mú àbá wá pé kí wọ́n kó odídẹrẹ́ sínú Àfikún Kìíní, ìyẹn ìsọ̀rí tí ó ka òwò ẹranko inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè léèwọ̀. Tógò, Gàbọ́ọ̀nù àti Amẹ́ríkà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gúúsù Áfíríkà, níbi tí sísin odídẹrẹ́ nínú àgò ti di òwò ńlá, kò fara mọ́ ọn. Orílẹ̀-èdè 95 gbà, 35 kọ̀, márùn-ún kò sọ ohunkóhun, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2017. Láti ìgbà náà, ọmọ odídẹrẹ́ tí wọ́n pa nínú àgò lè rékọjá ààlà fún títà bí ibi tí wọ́n ti sìn ín bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CITES tí ó sì ní ìwé. Èyí tí wọ́n mú nínú ihò igi ní Kamẹrúùnù tàbí ní Nàìjíríà kò ní ìwé kankan tí ó lè sọ ọ́ di ọjà, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá sì gbé e wá fún pé kó rà á kí ó máa bọ́ ọ ti mọ ibi tí ó ti wá.